Ẹ̀kọ́ Ìkíni Nínú Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́ tí àbúrò mi ọkùnrin kó kọ̀ǹpútà méjì dé Ọ̀wọ̀, èmi ni mo bá káfíńtà di ẹsẹ̀ tábìlì mú kó lè kàn án mọ́ ògiri. Ẹ̀rù ń ba àbúrò mi pé bí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Bìní bá ń kọjá, ilẹ̀ yóò máa mì, àwọn ẹ̀rọ náà yóò sì já lulẹ̀. Yàrá kan ló gbà lẹ́bàá títì, láàárín ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe àti obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú. Ó fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé wọ́n ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọdún 1993 ti kọjá nígbà náà. Epo bẹntiróò ṣọ̀wọ́n, iná sì ń wá nígbà tó bá wù ú.

Tíṣà ni èmi. Èdè Yorùbá àti ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Ará Àkókó ni bàbá wa, iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá sí Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Ọmọ mẹ́ta ni ìyá wa bí. Èmi ni àkọ́bí. Ọmọkùnrin tó tẹ̀lé mi kú nígbà tó kù díẹ̀ kó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á. Àìsàn kan náà wà lára àbígbẹ̀yìn wa, ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní poli, tó ní òun ò lọ sí Èkó, òun ò lọ sí Àbújá, Ọ̀wọ̀ lòun máa jókòó sí, ìyá wa dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì dúpẹ́ ní gbangba. Inú rẹ̀ dùn pé bí egungun bá tún ń ro ọmọ òun, òun á wà nítòsí láti gbé omi kaná.

Lọ́sàn-án, tí mo bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, mo máa ń lọ jókòó sí ẹ̀yìn yàrá náà láti máa máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí mo ṣe ń máàkì ni mò ń gbọ́ ohun tó ń kọ́ wọn. Àwọn tó kọ́kọ́ wá ò pọ̀. Mo rántí méjì nínú wọn ju àwọn yòókù lọ. Ọ̀kan jẹ́ ọmọbìnrin kan láti Ijagba, tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, tó ń dúró de èsì ìdánwò àṣewọlé. Èkejì jẹ́ ọkùnrin kan láti Ìpele tó ń gun ọ̀kadà. Ó máa ń gbé ọ̀kadà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò, kó wọlé pẹ̀lú eruku lójú.

Èdè tí wọ́n ń pè ní Bésíìkì ni àbúrò mi fẹ́ kọ́ wọn, èdè tí a fi ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe fún un. Ìwé òyìnbó ló ń lò. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni bí a ṣe lè mú kọ̀ǹpútà wá bí onígun mẹ́ta kan ṣe fẹ̀ tó. Ó ṣàlàyé títí, ó kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ará Ìpele yẹn na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀gá, onígun mẹ́ta ta ni?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àwọn kan nínú wọn ò wá mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sí ìta ilé wa, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀ kò jẹ ẹ́. Mo bi í pé kí ló le gan-an nínú ohun tó ń kọ́ wọn.

"Àǹtí, kò sí èyí tó le níbẹ̀," ó ní. "Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ yẹn ò mọ nǹkan kan fúnra rẹ̀. Gbogbo nǹkan lẹ máa sọ fún un. Bó bá jẹ́ báyìí, ṣe báyìí. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣe tọ̀hún. Ìyẹn náà ni."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ìyá wa ń ti àdúrà ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dirun lábẹ́ àtíbàbà, ó ní, "Ojú gbooro o." Ó kan bàbá tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, sà." Ìyàwó ilé kejì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ yọjú, ìyá wa ti pariwo kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Kò dúró ronú lórí ọ̀kankan.

Mo wo àbúrò mi. Òun náà wò mí.

"Ṣé kì í ṣe ohun tí o ń sọ nìyẹn?" mo ní. "Bó bá jẹ́ báyìí, sọ báyìí."

Ó fa àwo oúnjẹ rẹ̀ sún mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé onígun mẹ́ta yẹn sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Èmi àti òun la jọ ń kọ́ wọn láti ìgbà náà lọ. Ó ní kí wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìkíni. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí tó rọrùn: kí ẹ̀rọ béèrè aago tó lù, kó sì kí ènìyàn bó ti yẹ, ti àárọ̀, ti ọ̀sán, ti ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ìgbà wo ni àárọ̀ tán? Ará Ìpele ní lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà, bí oòrùn bá ti mú, ọ̀sán ti dé. Ọmọ Ijagba ní lóko, àárọ̀ ò tíì tán títí wọ́n á fi jẹun àkọ́kọ́. Àbúrò mi jẹ́ kí wọ́n jà á tán, ó wá ní, "Ẹ̀rọ ò lè bá yín jà. Ẹ fẹnu kò, kí ẹ sọ ọ́ fún un."

Ó ní ibi tí ẹ̀rọ ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí dà bí igbá tí a kọ orúkọ sí lára. Ẹ kọ orúkọ igbá, ẹ bu nǹkan sínú rẹ̀. Èmi ni mo wá bá wọn ṣe ti àpadàṣe, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ máa ń ṣe léraléra títí a ó fi ní kó dáwọ́ dúró. Mo pa àlọ́ fún wọn, mo ní kí wọ́n gbe orin rẹ̀, kí wọ́n wo bí àwa tó ń gbè é ṣe ń padà sí ìlà kan náà títí apàlọ́ á fi gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú. Lọ́jọ́ yẹn, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ti wọ ibẹ̀.

Ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Mo bi àbúrò mi ìdí tí kò fi jẹ́ ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ní kí àyè lè wà láàárín fún ìlà tí a bá gbàgbé ni, torí kò sí ẹni tó ń rántí gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan dùn mí gẹ́gẹ́ bíi tíṣà Yorùbá: ẹ̀rọ náà ò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì ìsàlẹ̀. Gbogbo ìkíni wa hàn lójú rẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n tu níyẹ̀ẹ́. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ wọ́n dáadáa sára bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má bàa gbàgbé bí wọ́n ṣe rí.

A ní kí wọ́n lọ béèrè ìkíni nílé. Nígbà tí ọmọ Ijagba padà dé láti abúlé wọn, ojú rẹ̀ ò bára dé.

"Mà, mo bi ìyá bàbá mi pé kí ni wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń ti oko bọ̀. Wọ́n ò dá mi lóhùn. Wọ́n kàn ń bi mí léèrè ni: Ẹni wo? Ṣé ó ru ẹrù? Ṣé òjò pa á? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ṣófo? Ìbéèrè wọn pọ̀ ju ìkíni lọ."

Àbúrò mi fò dìde. "Ìyá bàbá rẹ mọ̀ ọ́n! Ohun tí mo ti ń sọ láti oṣù tó kọjá nìyẹn! Ẹ béèrè kí ẹ tó sọ̀rọ̀!"

"Nǹkan mìíràn tún wà, sà. Tí mo bá pè wọ́n ní 'ẹ̀yin' báyìí, wọ́n á bi mí pé ṣé àwọn pé méjì ni. 'Ìwọ' là ń pè wọ́n nílé, kì í ṣe àfojúdi."

Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá wa ṣe máa ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Àkókó. Àbúrò mi ní kí wọ́n wá igbá mìíràn, kí wọ́n kọ 'ìlú' sí i lára, kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ènìyàn ti wá. Àwọn tó ti sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àwọn kan mú ọ̀rẹ́ wá. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ ní ìkíni òjò, ti ọ̀gbẹlẹ̀, ti ọyẹ́, ti ìnáwó, ti ẹni tó gba àlejò, ti ẹni tó ń ti ìrìnàjò dé. Ìkíni ni wọ́n ń wá, Bésíìkì ni wọ́n ń kọ́.

Ara àbúrò mi ò yá tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Nígbà mìíràn, ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kọ́ wọn, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi aṣọ wé á wà lórí orúnkún rẹ̀. Ojú rẹ̀ a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kó máa lọ sílé, á ní kí onítọ̀hún ka ìlà tó kọ sókè.

Ọjọ́ kan ni wọ́n kan ìkíni ọ̀fọ̀. Ará Ìpele ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè."

"Ti ẹni tí òbí rẹ̀ tó ti darúgbó kú nìyẹn," ni ọmọ Ijagba wí. "Tó bá jẹ́ pé ọmọ ni wọ́n pàdánù ńkọ́?"

Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ọlọ́jà."

Bí a ṣe ń rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó bi mí ohun tí kò bi mí rí.

"Àǹtí, nígbà tí Bùọ̀dá mi kú, kí làwọn ènìyàn sọ fún Màmá?"

Mo ní ọ̀pọ̀ wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n dìde. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Àwọn mìíràn ní, "Ọlọ́run á dá èyí tó kù sí."

Ó dúró lójú ọ̀nà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Èmi ni èyí tó kù nìyẹn," ó ní.

Mo gba àpò tó gbé kọ́ èjìká lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ́ kí n gbà á, kò sì bá mi jà bó ti máa ń ṣe.

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn náà tún dé sí i. Òtútù ò ṣe ẹni tó ní àìsàn yẹn ní oore rí. Ó ń kọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ó dáwọ́ dúró láàárín ọ̀rọ̀, ó di etí tábìlì mú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò lè dúró mọ́. Kò sí epo nílùú, kò sí ọkọ̀ tó ń rìn. Ará Ìpele ní epo tó kù nínú ọ̀kadà òun á gbé wa dé ọsibítù. Ó jókòó síwájú, a gbé àbúrò mi sáàárín, èmi jókòó sẹ́yìn, mo gbá a mú mọ́ra. Ara rẹ̀ gbóná lára mi bí ìkòkò. Ará Ìpele ń fọwọ́ kan darí ọ̀kadà, ó fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ àbúrò mi mú níwájú àyà rẹ̀ kó má bàa yẹ̀ ṣubú.

Wọ́n ṣe gbogbo ohun tí wọ́n lè ṣe fún un. Ní ọjọ́ kejì, ìyá wa lọ sílé láti lọ po ògì tí àbúrò mi ní òun fẹ́ mu. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó la ojú.

"Ṣé o ti ilẹ̀kùn yàrá yẹn?"

'O' ló pè mí, bíi ti ìgbà tó wà ní kékeré, kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n láàárín ìlú.

"Mo tì í," mo ní.

"Ọyẹ́ ti dé. Bo aṣọ lé àwọn ẹ̀rọ yẹn, kí eruku má wọ inú wọn."

"Màá bò wọ́n."

"Lónìí."

"Lónìí náà ni."

Ó pa ojú dé. Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó kú. Mo rí ìyá wa láti ojú fèrèsé, ó ń bọ̀ pẹ̀lú fúlásíìkì ògì lọ́wọ́, ó dúró kí obìnrin kan tó ń sá aṣọ sórí koríko.

Lọ́dọ̀ wa, wọn kì í jẹ́ kí òbí mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Àwọn ọkùnrin ìjọ àti àwọn ará ilé bàbá mi ló gbé e lọ. Èmi bá wọn lọ. Ìyá wa wà nílé pẹ̀lú àwọn obìnrin, kò sì béèrè ọ̀nà tí a gbà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá kí wa. Wọ́n wọlé tìtìjútìtìjú, wọ́n tò sẹ́bàá ògiri. Ará Ìpele ṣí fìlà, ó ní, "Mà, ẹ kú..." Ó dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Ìyá wa jókòó sórí ẹní, ó da ẹ̀wà sórí atẹ, ó ń ṣà á láìwò ó. Ọmọ Ijagba wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣà á.

Ìyá wa gbójú sókè. "Ta ni èyí?"

Mo ní ọ̀kan lára àwọn tí àbúrò mi ń kọ́ ni.

"Kí ló ń kọ́ yín?" ìyá wa bi í.

Ọmọbìnrin náà wò mí, kó tó dáhùn. "Ìkíni ni, Mà."

"Ìkíni?" Ìyá wa gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà. "Ọmọ mi yìí? Èyí tí mo na títí kó tó máa kí ènìyàn? Èyí tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé torí kó má bàa pàdé àgbà? Òun ló ń kọ́ yín ní ìkíni?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, láìmọ̀ bóyá ó yẹ. Ó wá fi ojú bo èjìká ọmọ Ijagba, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó sunkún láti ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé.

Lẹ́yìn tí àwọn tó ń bá wa kẹ́dùn ti lọ tán, mo ṣí yàrá náà. N kò mọ ohun tí àbúrò mi mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, á kàn máa wò mí, èmi náà á máa wò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wá ń kọ́ mi. Ọmọ Ijagba ló ń ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún mi, ó ń fi sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ẹni pé èmi ni mo kéré. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ní àwọn fẹ́ parí ibi ìkíni ọ̀fọ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe é.

Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi jiyàn. Ọmọ Ijagba ní kí ẹ̀rọ má sọ nǹkan kan, kí ojú rẹ̀ kàn wà bẹ́ẹ̀ ní òfìfo títí ẹni náà á fi tẹ bọ́tìnnì. Ará Ìpele ní bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, ènìyàn á rò pé ó bàjẹ́ ni, wọ́n á sì pa á. Wọ́n yíjú sí mi. Mo ní n kò mọ̀. Níkẹyìn, "E pele" ni wọ́n kọ, láìsí àmì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láàárín òkùnkùn. Mi ò lè sọ bóyá àbúrò mi ì bá gbà á. Ó ṣeé ṣe kó pa á rẹ́.

Yàrá náà ò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Iná mànàmáná tó lágbára jù já wá lọ́jọ́ kan, ó sì jó ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà. Èkejì ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba gbé mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ọ̀sẹ́, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ọmọ Ijagba wọ poli. Ará Ìpele ta ọ̀kadà rẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí Bìní, n kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo kó ẹrù yàrá náà lọ sílé. Obìnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ti gba ibẹ̀ báyìí.

Níbi tí wọ́n gbé mi lọ, kò sí iná, ká má tíì sọ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, mo kọ́ àwọn ọmọ náà. Ọmọ kan á dúró síwájú kíláàsì bí ẹ̀rọ, kò ní sọ ohunkóhun àfi èyí tó wà nínú ìlà tí àwọn yòókù kọ sára bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá gbàgbé láti sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró, á máa kí ènìyàn títí ohùn rẹ̀ á fi há. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n máa ń bi mí ibi tí mo ti kọ́ ọ, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni. Wọ́n á ní, "Ṣé wọ́n máa wá kí wa, Mà?" Àwọn ọmọdé ni wọ́n. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Mo máa ń wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 1999, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ìyá wa jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti ń darúgbó. Kò gbójú sókè nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ibi tí ẹ gbé e sí yẹn, ṣé òjìji igi wà níbẹ̀?"

Kò bi mí rí láti ìgbà tí a ti sin àbúrò mi.

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

"Igi kí ni?"

"Igi máńgòrò ni. Ó tóbi."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀, ó ní kí n bá òun fa àga sẹ́yìn, oòrùn ti ń ta òun lẹ́sẹ̀.